Ẹ̀gún Ọ̀pẹ ní Àyà Bàbá

Erinje, lẹ́bàá Òkìtìpupa,
6 Fẹ́búárì 1995

Motọ́lání ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí òtútù tó ń bá ọ gbé. Ìyá rẹ ń kí ọ. Àwọn ará ìjọ ń kí dókítà wọn. Àwọn tó ń fi ẹ̀fọ́rí, jẹ̀díjẹ̀dí àti làkúrègbé ránṣẹ́ sí ọ ti pọ̀ ju ohun tí bébà yìí lè gbà lọ, nítorí náà mo ní kí wọ́n máa gbàdúrà ná.

Gbogbo wa wà láàyè. Ẹyìn so dáadáa lọ́dún yìí, ẹ̀gẹ́ náà kò burú, àfi pé ewúrẹ́ aládùúgbò wa ti sọ oko ẹ̀bá ọ̀nà di ilé oúnjẹ. Lẹ́tà tí o kọ ní Nòfẹ́ńbà, àná la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i gbà. Lẹ́tà kan ṣoṣo láàárín oṣù mẹ́rin, ìwọ tí a rán lọ sí pólì. Mi ò bínú. Mo kàn ń sọ ọ́ kí ó lè wà lákọsílẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọsibítù lo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnìkan nínú ilé yìí ní kókó kan nínú ọmú òsì, lẹ́yìn orí ọmú gan-an. Kò dun ẹni náà. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ, ó sì ti tó ẹyọ ẹyìn kan báyìí. Ẹni náà gbà pé ẹ̀gún ọ̀pẹ ló wọlé síbẹ̀ lásìkò ìkórè. O mọ̀ pé ẹ̀gún ọ̀pẹ a máa pẹ́ lára kó tó jáde. Àdí gbígbóná la ń kán sí i láràárọ̀. Kí ni àwọn òyìnbó ń lò bí ẹ̀gún bá kọ̀ tí kò jáde? Bí òróró kan bá wà, fi ránṣẹ́. Fi ìbọ̀sẹ̀ méjì kún un. Tèmi ti dihò bí ajẹ̀rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jethro Aníwúrà.


Leeds,
3 Máàṣì 1995

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ìfaradà ewúrẹ́.

Lẹ́tà yín dé lónìí, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìdúró. Ẹ sọ ti ewúrẹ́ tán, ẹ sọ ti ẹ̀gẹ́ tán, ẹ wá fi kókó inú ọmú há àárín àdí àti ìbọ̀sẹ̀. Ẹ ní "ẹnìkan nínú ilé yìí". Bàbá, ẹni méjì péré ló kù nínú ilé yẹn láti ìgbà tí mo ti kúrò, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọkùnrin. Ìṣirò tí mo kọ́ ní pólì tó èyí.

Kí ló gbé Màmá dé ìdí ọ̀pẹ tí ẹ̀gún fi wọ̀ ọ́ láyà? Ẹ má kán àdí sí i mọ́. Kókó tó bá ti lo oṣù mẹ́jọ nínú ọmú, dókítà ló yẹ kó rí i. Ẹ mú un lọ sí Òkìtìpupa lọ́sẹ̀ tí lẹ́tà yìí bá dé. Bó bá ní ojú ń ti òun, ẹ sọ fún un pé ẹni tó wà láàyè lojú ń tì, kí ó jẹ́ kí ojú máa ti òun lọ bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún sí i.

Benedict, ọmọ ìlú Òde-Ayé tí a jọ ń gbé níbí, ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ mẹ́fà rán an, àti kọ́mú kan tí wọ́n fi fóòmù dí apá òsì rẹ̀, irú èyí tí àwọn tí wọ́n gé ọmú fún ń wọ̀. Kí Màmá má bẹ̀rù. Mo kàn ń múra sílẹ̀ ni. Ẹ dá mi lóhùn kíákíá, nítorí oorun ti dá lójú mi.

Ọmọ yín,
Motọ́lání.


Erinje,
2 Épírì 1995

Motọ́lání ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun? Benedict dé, ó ní o ti rù. Nígbà tí mo fún un ní pupuru tó jẹ ẹ́ yó, ó ní o ti sanra. Mi ò mọ èyí tí màá gbà gbọ́.

Kọ́mú náà dé. Ó dára, ó sì nípọn. Ṣùgbọ́n ọmú mi méjèèjì pé. Mo yẹ̀ wọ́n wò dáadáa lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà rẹ, nítorí o sọ ọ́ débi pé ẹ̀rù ba èmi fúnra mi. Bàbá rẹ ló ni kókó náà.

Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ọ, nítorí náà inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ èyí, lẹ́yìn ìpàdé Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá. Ó ní, "Salome, ṣé kí ọmọ tí mo bí máa ro ọmú mi kiri ìlú òyìnbó?" Mo ní ta ló ní kó máa rò ó kiri. Ó ní òun lòun ń gbé àgbélébùú ṣáájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, àti pé bí wọ́n bá gbọ́ pé àìsàn obìnrin ló ń ṣe òun, wọn yóò ní kí òun wá jókòó pẹ̀lú àwa obìnrin lápá òsì. Mo ní apá òsì ni fáànù wà. Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ka lẹ́tà rẹ tán, ó ní, "Ó dáa, a ti gbàmọ̀ràn," ó sì kó ìbọ̀sẹ̀ náà wọ yàrá. Motọ́lání, orí ọmú náà ti ń wọnú lọ bí ìdodo. Àbàwọ́n máa ń wà lára aṣọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní àdí ni. Èmi ni mò ń fọ aṣọ, mo mọ àdí yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀. Ó ti búra pé òun kò ní wọ ilé ìwòsàn ọmú láéláé, èmi kò sì fẹ́ di opó nítorí pé ojú ń ti ọkùnrin kan. Ìwọ ló máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, torí ó rò pé dókítà ni ọ́. Kọ ọ́ sí i, ṣùgbọ́n má kọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú.

Ìyá rẹ,
Salome.


Leeds,
24 Épírì 1995

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Mo bá yín yọ̀ lórí ìbọ̀sẹ̀. Mo ti gbọ́ ẹni tó ni ọmú náà. Ẹ má bi mí pé ta ló sọ fún mi. Ẹni méjì péré ló wà nínú ilé.

Kí n tó dé orí tiyín, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ojú lè jọ tì wá. Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ilẹ̀ ni mò ń nù ní ọsibítù yìí, láti aago mẹ́fà àárọ̀, wọ́ọ̀dù mẹ́ta àti àtẹ̀gùn. HND mi wà nínú àpótí, ó ń sinmi. Ẹ lè kà á fún ìjọ, ẹ sì lè má kà á.

Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù ọmú wà nínú mẹ́ta náà, nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ tó ń jẹ́ Helen sì fẹ́ràn mi nítorí mo máa ń nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bi í léèrè. Ó gbé tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ọkùnrin pẹ̀lú ní ọmú, ó kàn kéré ni, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí jẹjẹrẹ ọmú bá mú, bí ẹyọ kan máa ń jẹ́ ọkùnrin. Ó ní ohun tó ń pa wọ́n jù ni pípẹ́. Ọ̀kan á ní eéwo ni, òmíràn á ní èṣe ni, ọjọ́ á máa lọ. Mo sọ fún un pé ẹ̀yin ní ẹ̀gún ọ̀pẹ ni. Ó ní òun kò gbọ́ irú ìyẹn rí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní jẹjẹrẹ ọmú kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Àwọn kan wà tó ṣọ̀wọ́n. Ọ̀kan máa ń jọ làpálàpá lórí ọmú, àwọn ènìyàn á sì máa fi ìpara pa á títí yóò fi bọ́. Ọ̀kan kì í ní kókó rárá. Ọmú á kàn pọ́n, á wú, á gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí ìgbà tí eéwo fẹ́ tú. Ìyẹn burú púpọ̀, oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ bá a jà kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ. Ọ̀kan sì wà tó ń ṣe ikun bí ọbẹ̀ ilá. Ìyẹn ń rọra dàgbà, kì í sábà rìn jìnnà, ẹni tó bá tètè gé e kúrò a sì máa pẹ́ láyé. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó jẹ́, àfi kí wọ́n gé díẹ̀ wò.

Bàbá, mi ò sọ pé kì í ṣe ẹ̀gún. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀pẹ. Ohun tí mo sọ ni pé kí ẹni tí ọ̀bẹ rẹ̀ mú ju tiyín lọ bá yín yọ ẹ̀gún náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín níbi tí ẹ ń lọ, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ yọ ẹ̀gún. Kò tíì di irọ́ títí dókítà á fi sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀,
Motọ́lání.


Erinje,
8 Júùnù 1995

Motọ́lání ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ní ti ilẹ̀ nínù, mo ti mọ̀ tipẹ́. Dókítà kì í kọ lẹ́tà sílé kó máa ṣàròyé pé wọ́n dín ọṣẹ kù. Mo ń jẹ́ kí ìjọ máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ó ń mú kí wọ́n rántí rẹ nínú àdúrà. Nu ilẹ̀ náà kó mọ́.

Mo lọ yọ ẹ̀gún. Bí mo ṣe sọ fún gbogbo Erinje nìyẹn. Dókítà kan ní Òkìtìpupa, ọmọ kékeré, ki abẹ́rẹ́ bọ kókó náà, ó fa nǹkan jáde, ó wò ó. Mo ní, "Ṣé ẹ rí i?" Ó ní, "Bàbá, ẹ̀gún kọ́." Mo ní kó tún un wò. Ó kọ ìwé, ó ní kí n máa lọ sí Ìbàdàn.

Ìyá rẹ bá mi lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń rí àwọn ọlọ́mú níbẹ̀. Obìnrin mọ́kànlélógójì ló jókòó, mo kà wọ́n, àti èmi. Ìyá kan láti Ìkọ̀yà gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ó mọ̀ pé ará ilé ni wá, ó súnmọ́ wa.

"Bàbá, ẹ kú ìdúróti ìyàwó yín."

Mo ní ẹ ṣeun.

"Irú yín kò pọ̀. Ọkọ tèmi, láti ìgbà tí wọ́n ti gé ọ̀kan fún mi, ẹnu géètì ló máa ń dúró sí. Ó ní òórùn oògùn ń dá òun lágara."

Ìyá rẹ gbójú sókè. Àjà ilé ló ń wò.

Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì jáde. "Ìyá Aníwúrà. Ìyá Jethro Aníwúrà." Ìyá rẹ fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. Mo dìde. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́ bí ìgbà tí igbá ọrẹ já lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ìyàwó yín ni kó wọlé." Mo ní, "Èmi ni mo ni ọmú náà." Ìyá Ìkọ̀yà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà jáde, ó ti sún kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ẹ jókòó síbí. Ẹ ń pa nǹkan mọ́ra jù, Bàbá."

Dókítà Àlàmú ló rí mi. Wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹjẹrẹ ni. Wọn kò tíì mọ irú rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmú náà kúrò pátápátá, ogúnjọ́ oṣù yìí. Mo ní màá rò ó. Ìyá rẹ ní òun ti rò ó fún mi.

Bí mi ò bá ti ibẹ̀ padà, má jẹ́ kí wọ́n gbé fótò tí mo yà ní 1971 síwájú òkú mi. Ẹ̀rín tí mo rín nínú rẹ̀ kò bójú mu. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà sì wà ńlẹ̀.

Bàbá rẹ.


Leeds,
28 Júláì 1995

Bàbá mi, Màmá mi,

Ogúnjọ́ Júùnù ti kọjá pẹ̀lú oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́jọ. Èyí ni lẹ́tà kẹta tí mo kọ láti ìgbà náà. Helen ń bi mí láràárọ̀, mo sì ti nu àtẹ̀gùn yẹn débi pé ẹnìkan yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀.

Ẹ̀dà fótò 1971 náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ti wò ó dáadáa. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rín náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Bó tilẹ̀ jẹ́ ti ewúrẹ́ lẹ máa sọ, ẹ kọ ọ́.

Motọ́lání.


Erinje,
11 Ọ́gọ́ọ̀sì 1995

Motọ́lání ọmọ mi,

Mo wà láàyè. Mo fi í síwájú kí o má baà máa wá a káàkiri inú lẹ́tà.

Ìyá rẹ ti kọ̀wé sí ọ ní òpin Júùnù, ó fi rán ẹnìkan tó ń lọ sí Èkó. Àná la gbọ́ pé ẹni náà kò kọjá Orè. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń bá a ta táyà.

Wọ́n gbé ọmú náà kúrò, pẹ̀lú orí rẹ̀ àti àwọn kókó kéékèèké kan lábẹ́ abíyá. Ohun àkọ́kọ́ tí mo bi dókítà nígbà tí mo jí ni pé ẹ̀gún náà ńkọ́. Ó ní àwọn gé ohun náà wẹ́wẹ́ bí ilá, wọn kò rí ẹ̀gún kankan. Mo ní ó dáa. Bí mo ṣe fi ẹ̀gún náà sílẹ̀ nìyẹn, kò rọrùn fún mi.

Ọ̀rọ̀ ilá kò tán síbẹ̀. Èyí tí Helen rẹ ní ó ń ṣe ikun, òun gan-an ni. Dókítà Àlàmú pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mẹ́wàá wọlé wá wò mí. Ó ní jẹjẹrẹ ọmú ṣọ̀wọ́n lára ọkùnrin, oníkun yìí sì ṣọ̀wọ́n lára obìnrin pàápàá. Kí méjèèjì wá pàdé lára àgbẹ̀ kan láti Erinje, òun kò rí i rí láti ogún ọdún. Inú mi dùn díẹ̀. N kò gba ipò kìíní rí nígbà tí mo wà nílé-ìwé.

Mo bi í pé ọdún mélòó ló kù fún mi. Ó ní òun kì í ṣe Ọlọ́run, ṣùgbọ́n nínú obìnrin mẹ́wàá tó ní irú rẹ̀, tí kò tíì dé abíyá, bíi mẹ́sàn-án ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ti ọkùnrin kò tíì pọ̀ tó èyí tí wọ́n lè kà. Tèmi kò dé abíyá. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí mi.

Kò sí pé wọ́n ń fa oògùn sí mi níṣan. Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní tamọ́sífìn ni mò ń lò, hóró kan lójúmọ́ fún ọdún márùn-ún. Oògùn obìnrin ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ooru á kàn ṣàdédé bò mí, màá máa làágùn nínú òjò. Ìyá rẹ ní irú ooru tó mú òun nígbà tí nǹkan oṣù òun dáwọ́ dúró nìyẹn, tí mo ní kó yé pariwo. Mo ti tọrọ àforíjì.

Ìyá Ìkọ̀yà ló gba kọ́mú rẹ. Ó bá a mu. Ọkọ rẹ̀ ti kúrò ní ẹnu géètì báyìí, ó ń bá mi jókòó. Àwọn obìnrin náà sì ti fi mí ṣe akọ̀wé, èmi ni mò ń kọ orúkọ ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún ìjọ fúnra mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo fi apá ọ̀tún gbé àgbélébùú. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n bọ́ sí apá òsì. Mo wo ibẹ̀ bí mo ṣe ń kọjá. Fáànù wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Bàbá rẹ,
Jethro.


Leeds,
4 Sẹ̀tẹ́ńbà 1995

Bàbá mi,

Mo ka ìlà àkọ́kọ́, mo sì jókòó sórí báákẹ́ẹ̀tì mi. Omi wà nínú rẹ̀. Helen sunkún jù mí lọ, bẹ́ẹ̀ aṣọ tirẹ̀ gbẹ.

Ó ní kí ẹ má dá oògùn náà dúró, bí ara tilẹ̀ dá yín tó ti ẹṣin. Kí ẹ sì máa fọwọ́ wo ọmú ọ̀tún lóṣooṣù. Kókó yòówù tí ẹ bá bá níbẹ̀, ẹ má fún un lórúkọ kí dókítà tó rí i.

Mo ti mú HND jáde nínú àpótí. Wọ́n ń wá akọ̀wé ní ọ́fíìsì wọ́ọ̀dù ọmú. Ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa.

Motọ́lání.


Erinje,
9 Épírì 1996

Motọ́lání ọmọ mi,

Ṣé o jẹ Àjíǹde dáadáa? Tiwa kò dùn. Kókó kan ti yọ lápá ọ̀tún bàbá rẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ bà á lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Dókítà ti ní kó má gun ọ̀pẹ mọ́, kò sì gùn ún. Ìdì ẹyìn tí àwọn ẹlòmíràn gé ló ń gbé mọ́yà lọ sí ẹbu, níbi tí wọ́n ti ń fún epo.

Kò kán àdí. Kò pè é ní ẹ̀gún. Èmi ni mo ní bóyá ẹ̀gún ni, ó wò mí, ó ní, "Salome, jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àwọn ará oko sílẹ̀." Ó wọ ọkọ̀ Ìbàdàn lánàá. Kò jẹ́ kí n bá òun lọ, kò sì jẹun. Kó tó lọ, ó fi ibi tí òun tọ́jú fótò 1971 sí hàn mí, ó ní kò burú tó bí òun ṣe rò.

N kò mọ ohun tí màá kọ sí i. Gbàdúrà.

Ìyá rẹ.


Erinje,
15 Épírì 1996

Motọ́lání ọmọ mi,

Bí a ṣe máa ń ṣe é: mo wà láàyè.

Mo dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kọ orúkọ ara mi sí ìkẹrìnlá bó ṣe tọ́. Ìyá Ìkọ̀yà wo ojú mi, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fi mí sí ìkíní. Kò sí ẹni tó jiyàn. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ọ̀bẹ lọ.

Dókítà Àlàmú fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ rò pé ó jẹ́?" Mo ní èmi kì í ṣe dókítà. Ó gún mi lábẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, ó là á. Mo di ojú mi. Nǹkan kan dún "kín" nínú abọ́ irin.

Ó ní, "Ẹ lajú. Kí lẹ̀ ń pe èyí ní ilé yín?"

Mo wò ó. Ó dúdú, ó gùn tó èékánná, ẹnu rẹ̀ mú. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo ti fi mọ ẹ̀gún ọ̀pẹ, Motọ́lání, mi ò sì gbà. Mo ní, "Ẹ gé díẹ̀ sí i, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò." Ó gé díẹ̀, ó ní kí n sùn sí Ìbàdàn títí ọjọ́ Ẹtì kí èsì tó jáde. Lọ́jọ́ Ẹtì ó ní, "Bàbá, ẹ̀gún ni." Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú káàdì mi, ó fọwọ́ sí i, ó sì lu òǹtẹ̀.

Ìyá rẹ ti gbé káàdì náà dé ìpàdé Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá.

Mo fi òwú wé ẹ̀gún náà sínú lẹ́tà yìí. Fi han Helen, ẹni tó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Rọra tú u, kó má baà wọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bó bá sì wọ̀ ọ́, má kán àdí sí i.

Bàbá rẹ,
Jethro Aníwúrà.